Kọfí Tó Dà Bíi Tiwọn

"Ó kan."

"Bíi ti àná?"

"Ti àná sàn díẹ̀."

"O ò tíì gbé e mì tán."

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá gbé e mì, Ọ̀gá Kọfí? Ti ilé kọfí kì í kan báyìí."

Ọkọ, tó jẹ́ atúnaagoṣe, gba ife kékeré náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì gbà pé ó kan.

Ìyàwó ló rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọfí náà rà, àlòkù tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú nítorí pé rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ó ní bí òun bá rí kọfí gidi mu nílé, òun ò ní máa yà sí ilé kọfí mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Inú ọkọ dùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó gé rọ́bà tuntun sí i, ó sì ra ọlọ kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ pàdé ìyàwó rẹ̀ níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ní kó má ṣèyọnu mọ́. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbóná dénú, èèyàn ò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ṣe ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń dúró ti ẹ̀rọ.

Bó bá lọ kọfí kúnná jù, á korò. Bó bá lọ̀ ọ́ ní hóró-hóró, omi á sáré gba inú rẹ̀ kọjá, á kan. Ìyàwó á tọ́ ọ wò tòun ti báàgì léjìká, á ṣàlàyé bí tiwọn ṣe ń dùn lọ́fun, á ní ó ku díẹ̀. Nígbà kan, ó bi í bóyá bàtà ló sè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kọfí náà ṣàn jáde bí oyin, ìfófòó pupa sì bò ó lójú. Ìyàwó mu ún tán.

"Ó ti dà bíi tiwọn," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọkọ ṣì ń po ife kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí ìyàwó gbé àpótí aṣọ rẹ̀ jáde.

"Níbo tún ni? Ṣebí kọfí yìí náà lo ń wá lọ sí ilé kọfí?"

Ìyàwó ti ṣílẹ̀kùn.

"Mi ò mu kọfí níbẹ̀ rí. Ẹni tí mo ń lọ bá ò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Mo kàn ń wá ohun tó máa dá ẹ dúró sílé ni."