Ẹni Tó Ra Ẹ̀dà Kẹta

Òfin ilé-iṣẹ́ tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀dà kẹsàn-án ètò tí èèyàn fi ń kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, tí wọ́n ń tà báyìí, kò lè ṣí fáìlì tí èèyàn fi ẹ̀dà kẹta kọ. Àwọn nìkan ló lè yí i padà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é fún ẹni tó rà á, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láàyè. Wọ́n gbọ́dọ̀ fojú rí ẹni náà, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn.

Ìdí nìyí tí Ìyá fi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn, láàárọ̀ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀.

"Ẹ bá mi wọ ẹ̀wù ọkọ mi yìí."

Télọ̀ yẹ ẹ̀wù náà wò. "Ẹni tó rán an kò mọ̀ ọ́n rán. Ìyá, ẹ má jẹ́ kí n wọ gàù o."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ gbogbo wa síbẹ̀, torúkọ tàwòrán. Tí fáìlì yẹn ò bá ṣí, ó parí nìyẹn." Omi ti lé ròrò sójú Ìyá.

Télọ̀ wọ ẹ̀wù. Wọ́n jọ ka ìdáhùn márààrún ní àkàtúnkà, Ìyá sì pa ilẹ̀kùn yàrá dé.

Aago mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ náà dé. Obìnrin ni, ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré lé itan.

"Ẹ má bínú, Baba. Àwọn opó ló ń kó wa sí wàhálà. Ọkọ á ti kú tipẹ́, wọ́n á ní ó ń sùn."

"Èmi ò sùn," ni télọ̀ wí.

"Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ṣe?"

"Káfíńtà."

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

Télọ̀ sọ ọ́.

"Ọmọ kelòó lẹ jẹ́?"

"Ìkarùn-ún nínú mẹ́sàn-án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rómi mu?"

"Mẹ́fà. Obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì."

Òṣìṣẹ́ náà gbójú sókè.

"Etí wọn ò gbọ́ran dáadáa," ni Ìyá sọ, ó ti fò dìde. Ó bu omi ife méjì, ó gbé ọ̀kan wọ yàrá, ó sì gbé ìkejì wá fún àlejò.

"Iye ọmọ yín ni mo tiẹ̀ fẹ́ bi yín tẹ̀lé e," ni òṣìṣẹ́ náà sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó ku ọjọ́ ìgbéyàwó."

Télọ̀ dá ọjọ́ náà, ó sì fi jàrá sí i pé òjò rọ̀, bàtà Ìyá sì já.

"Baba, ọpọlọ yín mà jí pépé o!"

"Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ," ni télọ̀ fi dá a lóhùn.

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ó tẹ nǹkan méjì-mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà ilé, fáìlì ṣí, ojú àwọn ẹbí kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó dágbére, ó lọ.

Ìgbà náà ni Ìyá ṣí ilẹ̀kùn yàrá, tí Baba, ọkọ rẹ̀ gan-an, rọra jáde, tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó wo Ìyá títí, tó wá ní: "Ẹ ṣeun o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó níbẹ̀, ṣé mo níyàwó àbí mi ò níyàwó?"