Ètò Mi Wọlé Lórúkọ Ọkọ Mi

Ọ̀sán gangan ni, ní ìlú Guadalajara ní Mẹ́síkò. Èmi àti Fermín ọkọ mi jọ ń fi Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò fún ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan.

Ètò mi pe ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Káàbọ̀, Fermín," ló dáhùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí òun àti èmi fi ń wọlé síbẹ̀ ti dà pọ̀.

Mo ní kó fi ohun tí Fermín rà hàn mí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni: láti Tijuana, ìlú ẹnu ààlà Amẹ́ríkà, sí Guadalajara, lọ́la, fún Socorro Ibarra.

Mo yí kọ̀ǹpútà mi sí i. "Fermín, Socorro wo nìyí?"

Kọfí dúró sí i lẹ́nu. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó rò pé ìwọ ni mí."

"Ìyàwó mi, mo fẹ́ fi yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ọ́fíìsì.

Ìyá mi ni Socorro; láti ìgbà tó ti sọdá ààlà lọ sí Amẹ́ríkà, orí fóònù nìkan ni mo ti ń rí i.