Mò Ń Bọ̀

“Jókòó dáadáa, má da ọbẹ̀ sílẹ̀,” ni Prisca sọ fún ìyá rẹ̀ lórí ẹní, nínú ilé wọn ní Issaba.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló dá eré yìí sílẹ̀, kó lè fi ṣìpẹ̀ fún ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọjá nígbà tí òun wà níbi iṣẹ́ ní Kútọ́nú. Lọ́sàn-án òní, ọmọ di àgbà, àgbà di ọmọ. Valentin, àbúrò Prisca, ró ìró ìyá àgbà tó ń tọ́ wọn. Prisca wé gèlè ìyá rẹ̀. Ó bu àkàsà, ọbẹ̀ àti ẹja díndín fún wọn, ó sì gbé báàgì ìyá rẹ̀ kọ́ apá.

“Màmá, ṣé ẹ ò ní bá wa jẹun ni?” ìyá bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Mò ń bọ̀,” ni Prisca wí, ó sì jáde.

Ìyá ń retí rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó fẹ́ dìde lọ wò ó, ni Valentin bá gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó yí ohùn padà bíi ti ìyá àgbà:

“Jẹun, ọmọ mi. Bí ìyá rẹ bá ti ní òun ń bọ̀, a kì í gbé oúnjẹ dúró dè é.”