Ètò Ìtọ́nisọ́nà Tuntun

"Dìde! Mo ní kó o dìde nílẹ̀!"

Ọ̀gá ilé-ìwé Mọ̀ńtẹ́sórì kan ní Ọ̀mù-Àrán gbá tábìlì. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà tó gbé ti Ìlọrin bọ̀ bí ẹni gbé ẹyin ti fẹ́ dójú tì í. Ó ní kí Hamidah, tó mọṣẹ́ jù láàárín wọn, máa tọ́ Alhája Àyìsátù sọ́nà. Kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ Hamidah ni Alhája. Níbi ìdánrawò omi dídà, Alhája da omi inú jọ́ọ̀gì sórí ẹní dípò inú ife, ni Hamidah, ìyàwó ilé wọn, bá kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá yọ ṣùtì. "Ìwà ará oko! Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé níbí. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, sọ fún un!"

Hamidah dìde. "Ẹ̀yin náà, mà. Tíṣà Mọ̀ńtẹ́sórì kì í pariwo, kì í gbá tábìlì."

Ọ̀gá tún gbá tábìlì.

"Èmi lò ń bá wí? Mo ti yí ètò padà! Láti òní lọ, ẹni tó dàgbà jù nínú ọgbà yìí ni yóò máa tọ́ gbogbo wa sọ́nà. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀!"

"A ti gbọ́, mà," ni Alhája wí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ké sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì: "Bàbá Jiya! Ọ̀gá ń pè yín o!"

Bàbá Jiya wọlé, wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó fa àga kékeré àwọn ọmọ, ó jókòó, ó nawọ́ sí ẹní tó tutù.

"Ọmọ mi," ó sọ fún ọ̀gá, "jókòó síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní Mọ̀ńtẹ́sórì?"