Òṣùwọ̀n Olórí-Mẹ́ta

Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò fún ìjọba kì í purọ́ lórí ìwọ̀n, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ẹranko tí kò sí láyé. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe eré orí tábìlì kan. Òun ló ń pa ìtàn, àwọn ló ń jẹ́ akíkanjú inú rẹ̀, dáìsì ló sì ń sọ ẹni tí idà rẹ̀ bà àti ẹni tó gé afẹ́fẹ́ lásán. Bàbá fún ẹranko abàmì kọ̀ọ̀kan ní ìpele líle tirẹ̀, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀ mọ́ irin òṣùwọ̀n.

Olórí-Mẹ́ta ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Orí afárá tó lọ sílé ló dúró sí. Ìpele kẹta ni Bàbá fún un: ìyẹn ni pé èèyàn mẹ́ta tó mọ ìjà í jà lè pa á, kó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kú.

"Ọjọ́ tí ẹ bá pa á," ó sọ fún wọn, "ìtàn parí nìyẹn. Kálukú yín á lọ wá nǹkan mìíràn fi Sátidé rẹ̀ ṣe."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò kàn. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, Sátidé nìkan ni ilé náà ń fọhùn. Lọ́jọ́ yòókù, aago ara ògiri ló ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì mọ̀.

Àwọn mẹ́ta ló ń wá. Àkọ́bí jẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ lọ́yà, àbíkẹ́yìn sì ń tún fíríìjì ṣe. Dáìsì wọn lójú ogún, iye tó bá pọ̀ ló sì ń jẹ́ kí idà bà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kò tóbi ju ẹyin kòkòrò lọ. Bàbá ti ní ojú òun kò ká a mọ́, ẹni tó bá jù ú ni kó kà á.

"Méjì," ni nọ́ọ̀sì ké.

"Idà rẹ gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá," ni Bàbá wí.

"Ẹyọ kan." Lọ́yà di orí mú.

"Idà tìrẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Odò ti gbé e lọ."

"Mẹ́ta," ni àbíkẹ́yìn wí.

"Ó fi orí kejì gbé ọ jù sómi."

Lọ́yà dìde. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ìpele kẹsàn-án ni ẹranko yìí. Ìrẹ́jẹ ni! Ká ní kóòtù ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ǹ bá ti gbé e lọ síbẹ̀."

"Ìwọ tí ewúrẹ́ borí ní kóòtù lóṣù tó kọjá?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ewúrẹ́ náà ní ẹlẹ́rìí, Ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà, ìrẹ́jẹ, kò kúrò létí Bàbá. Kò sí oníṣòwò tó sọ ọ́ sí i rí. Ó jókòó, ó tún Olórí-Mẹ́ta wọ̀n láti orí dé ìrù. Ìwọ̀n náà pé lójú rẹ̀, síbẹ̀ ẹranko ìpele kẹta kò yẹ kó na èèyàn mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹranko tí kò ṣeé pa, Sátidé tí kò lópin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti gba òṣùwọ̀n èké lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn kò lè gbé tara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Bàbá bu orí kan kúrò. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni tó fẹ́ sin àlejò sọ́nà.

Olórí-Mẹ́ta fi orí méjì tó kù nà wọ́n.

Bàbá bu orí kejì. Ó yọ eyín. Ó fi làkúrègbé sí i lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ó ń lo oògùn?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Kò sówó," ni Bàbá dáhùn.

Ó nà wọ́n. Lọ́yà tún pariwo ìrẹ́jẹ. Bàbá gbà nínú ara rẹ̀ pé orí àwọn ọmọ òun kò sunwọ̀n nídìí dáìsì, ó sì ń tijú nítorí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn.

Nígbà tó yá, Olórí-Mẹ́ta ku orí kan, ojú kan, kò sì léyín lẹ́nu.

"Ìpele wo ló wá kù sí báyìí, Bàbá?" ni àbíkẹ́yìn bèèrè.

"Kò sí nípele mọ́. Ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ le jù ú lọ." Bàbá gbé ife tíì rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀ láìmu. "Oorun ló ń sùn. Kí ẹnì kan ṣáà ti ju iye tó lé ní márùn-ún, ó parí. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀."

Àbíkẹ́yìn ju dáìsì. Ó yí gbirigbiri, ó fi ẹ̀gbẹ́ ti ife tíì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wò ó. Bàbá kọjú sí fèrèsé.

"Mẹ́rin," ni àbíkẹ́yìn wí.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó yí padà lójú oorun. Ìrù rẹ̀ gbá yín sódò."

Lọ́yà lu tábìlì. "Ẹranko tó ń sùn! Bàbá, ẹ lọ tún un wọ̀n o!"

"Màá tún un wọ̀n," ni Bàbá wí, ó sì yára wọ ilé ìdáná lọ bu tíì sí i, kí wọ́n má baà rí ojú òun.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé ìkóríta, nọ́ọ̀sì bi àbíkẹ́yìn iye tí dáìsì náà fi hàn ní tòótọ́, ó ní ogún ni, lọ́yà sì ní kí Bàbá jọ̀ọ́ má tún dín ẹranko náà kù mọ́, torí láìpẹ́, kò ní sí nọ́ńbà tó kéré tó mọ́ tí àwọn lè máa pè fún un.