Egbò Tí Ń Gba Sátidé

Láti oṣù kìíní ni Fọlárìn ti ń kúrò ní Àrámọ̀kọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kì í sì í padà títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìdó-Ilé ló ń lọ wẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Moyinolúwa ìyàwó rẹ̀, ó sì ti ní kí òun lọ wẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Fọlárìn ní ojú ń ti Màmá, wọn ò fẹ́ kí ìyàwó rí i, ọmọ tí wọ́n bí nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà dun Moyinolúwa wọ akínyẹmí ara. Ìgbéyàwó wọn ò ju ọdún kan lọ, ìyá ọkọ sì ti fi egbò gba Sátidé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń jowú obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún, ojú sì ń tì í.

Nathaniel ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí oògùn lókè òkun, ló bá a fi abẹ́rẹ́ kan ránṣẹ́. Pẹ́pítáìdì ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ló to èròjà rẹ̀ pọ̀, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mú egbò tètè jinná. Nathaniel kìlọ̀ pé kò tíì dájú. Moyinolúwa gbà á bẹ́ẹ̀.

Fọlárìn ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan lọ nínú fúláàsì oníyìnyín, ó sì ń mú ìròyìn bọ̀ pé ojú egbò ti kéré, òórùn ti dín kù.

Ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, Moyinolúwa a pe Màmá. Tó bá béèrè ẹsẹ̀, wọn a ní ẹsẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Wọn a wá fi kún un pé, "Bá mi kí ọkọ rẹ." Wọn ò ní sọ pé ọmọ mi. Èébú ló ka èyí sí, nígbà tó jẹ́ pé Sátidé àná ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú Fọlárìn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà, Fọlárìn gbàgbé fúláàsì sórí tábìlì. Fóònù rẹ̀ kò lọ, bó ti máa ń rí tó bá ti lọ wẹ egbò. Láàárọ̀ Sátidé, Moyinolúwa gbé fúláàsì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdó-Ilé. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́ lójú ìyá àtọmọ pé ọkùnrin kan ò lè máa ṣọ́ ẹsẹ̀ kan títí ayé.

Màmá nìkan ló bá ní fàráǹdà, àkísà ni wọ́n fi di ẹsẹ̀, eṣinṣin ń bà á. Ó kúnlẹ̀. Màmá ò wo fúláàsì. Ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

"Moyin, ṣé o ti yọ̀ǹda kí ọmọ mi wá sí ulé báyìí? Láti Kérésì ni mi ò ti fojú kàn án."