Ẹ̀rọ Tó Ń Pariwo

Ọjà Ìkòtún, ọdún 1975. Ìyá Jàfárù ń wá ẹ̀rọ ìlọta kékeré, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí.

Ó fẹ́ fi lọ kòkó, kó máa fi ṣe ṣokoléètì nílé.

Ó yí àkọ́kọ́ wò. Kò dún rárá.

"Èyí gan-an ni kẹ́ ẹ gbé, Màmá," ni Simeon tó ń tà á wí. "Kò ní dí yín létí."

Ó yí èkejì. Ìyẹn ń han bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Háà! Èyí á jí gbogbo àdúgbò o!"

"Bá mi dì í jàre."

Látìgbà tí owó epo rọ̀bì ti dé ni Jàfárù ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ó fi fíríìjì ránṣẹ́. Ó fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́. Òun gan-an ni ò yọjú.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ìyá ti ń yí ẹ̀rọ níwájú ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!"

"Òo! A dúpẹ́ o!"

Ta ló jẹ́ kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i?

Ó tún gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó yí i kíkankíkan.

Kòkó ti tán nínú ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ kìíní.